Bàálù Kan Kò Sọnù Ní Marlinge

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ rí, tó jẹ́ pé ohùn tirẹ̀ nìkan ló ń dùn mọ́ ọn létí, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ni. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì bá irú rẹ̀ pàdé, ẹ máa dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dìde. Ọ̀gágun Aubrey Thistlewood-Crane ni mo fẹ́ ròyìn, olórí pápákọ̀ bàálù ogun ní Marlinge, lápá Kent, lọ́dún 1940 tí àwọn ará Jámánì ń fò wá sórí ilẹ̀ wa láràárọ̀ bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Ọkùnrin náà ga, àyà rẹ̀ yọ síwájú, irunmú rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá. Níbi tó bá ń lọ, igbákejì rẹ̀, Cuthbert Venn, á máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé pélébé kan, tó fi ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ọgbọ́n tó bá jáde lẹ́nu ọ̀gá sílẹ̀. Ọ̀gá náà á sì dúró kí Venn kọ ọ́ tán kó tó sọ òmíràn.

Láràárọ̀, nígbà tí àwọn awakọ̀ bàálù bá jókòó ti ẹyin díndín àti búrẹ́dì, ọ̀gá á dìde sọ̀rọ̀. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fọ́ọ̀kì títí yóò fi parí. Ẹyin á máa tutù, ọ̀rọ̀ á máa gbóná.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni yóò wí, "àwọn pápákọ̀ mìíràn ń pàdánù bàálù lójoojúmọ́, wọ́n tún ń fi í yangàn bí ẹni pé ìwà akin ni. Lójú tèmi, ìwà ọ̀bùn ni. Ẹni tó mọ ilé tọ́jú kì í sọ nǹkan nù. Mo ti ṣèlérí fún àwọn àgbà ní London pé títí ẹ̀ẹ̀rùn yìí yóò fi parí, Marlinge kò ní pàdánù bàálù kan ṣoṣo."

Venn á pàtẹ́wọ́. Àwọn awakọ̀, tí wọ́n máa tó lọ kò ikú lójú lókè, á pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú, kí ẹyin má baà di òkúta. Ẹ jẹ́ kí n má fi pamọ́ fún yín: oyè ló ń wá. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́rùn ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà fífẹ̀ kan ṣoṣo tí àwọn àgbà òfurufú ń wọ̀ ló wù ú. Ó ti ní kí télọ̀ rán aṣọ náà sílẹ̀. Bí ó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sunday, á wọ̀ ọ́ níwájú dígí, á sì kí ara rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Kọ́pùrà Winifred Ludlow ló ń tọ́jú ìwé bàálù. Kí ogun tó dé, ilé ìtajà irúgbìn kan ní Faversham ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti mọ̀ pé bí àlùbọ́sà bá jẹ́ mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án náà ni, bó ti wù kí oníbàárà lahùn tó. Ìwé náà ní apá mẹ́ta. Apá kìíní wà fún bàálù tí àwọn mẹkáníìkì Marlinge fúnra wọn lè tún ṣe. Apá kejì wà fún èyí tí a máa gbé lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá. Apá kẹta wà fún èyí tó ti ṣègbé pátápátá. Bí bàálù bá wọ apá kẹta, ohun méjì ló ń tẹ̀ lé e: London á fi òmíràn ránṣẹ́, bí awakọ̀ rẹ̀ kò bá sì padà, a ó kọ̀wé sílé rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀, àyè tóóró kan wà tí wọ́n ń pè ní Àkíyèsí. Kò sẹ́ni tó ń kà á, nítorí iye bàálù nìkan là ń fi ránṣẹ́ sí London lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ, bàálù Rafe Tollemache, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa, já sínú òkun. Àwọn apẹja Folkestone gbé awakọ̀ náà wálé pẹ̀lú aṣọ tútù, aago bàálù rẹ̀ sì wà lápò rẹ̀. Àṣà àwọn ọmọ yẹn nìyẹn: bí bàálù bá fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á já aago iwájú rẹ̀ gbà kí wọ́n tó bẹ́ síta, kí wọ́n lè ní ohun ìrántí. Tollemache gbé aago náà sórí tábìlì Winifred, ó sì lọ wá tíì gbígbóná mu. Bí ọ̀gá ṣe wọlé nìyẹn.

"Kí lèyí, Kọ́pùrà?"

"Aago bàálù Tollemache ni, sà. Ìyókù wà nísàlẹ̀ òkun. Mo fẹ́ kọ ọ́ sí apá kẹta báyìí."

Ọ̀gá gbé aago náà sétí, ó fetí sí i bí dókítà tó ń fetí sí àyà ọmọ ìkókó. Ó ní aago náà ń ṣiṣẹ́. Winifred ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá wá bi í léèrè bóyá ohun tó ń ṣiṣẹ́ lè jẹ́ ohun tó ti ṣègbé.

"Bàálù yìí ti padà wálé," ló wí. "Àtúnṣe ló kù. Apá kìíní."

"Ohun tí wọ́n máa tún ṣe lára ẹ̀ máa pọ̀ díẹ̀, sà."

"Ìyẹn kàn àwọn mẹkáníìkì. Ìwọ ṣáà kọ ọ́."

Venn ti ń kọ ọ́ sínú ìwé pélébé rẹ̀: ohun tó ń ṣiṣẹ́ kì í ṣègbé. Ó ní òun kò tíì gbọ́ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, ọ̀gá sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Winifred mú kálàmù, ó kọ bàálù náà sí apá kìíní gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pàṣẹ. Lábẹ́ Àkíyèsí, ó kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé: "Ohun tó padà wá: aago."

Irọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń nira fún ènìyàn, àwọn tó kù á máa yọ̀ wọlé fúnra wọn. Kí oṣù náà tó parí, ìjókòó kan ti dé láti inú igbó, ìdajì abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú bàálù ti dé láti etí odò, gbogbo wọn ló sì wọ apá kìíní. Ọ̀gá ní kí wọ́n kó wọn sí ilé ńlá kan lẹ́yìn pápá, kí wọ́n to ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí pẹpẹ, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà bàálù kọ́ ọ lọ́rùn. Ó pe ibẹ̀ ní Ilé Ìmúláradá. Lọ́jọ́ tó ṣí i, ó gé rìbọ́nù, ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ó dín díẹ̀. Láàárín ọ̀rọ̀ náà, fèrè ìkìlọ̀ dún, àwọn awakọ̀ sáré lọ jà, wọ́n jà tán, wọ́n padà wá, wọ́n bá a níbi tó ti ń sọ pé ojú ọ̀run kò lè gba ohun tí Marlinge kò bá yọ̀ǹda. Venn àti ìyá olóúnjẹ kan ló ń gbọ́ ọ, ìyá náà sì ti sùn lọ.

Lọ́jọ́ kan, Baba Wraight, àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ kò jìnnà sí wa, wá fẹ́jọ́ sùn pé bàálù Marlinge kan ti forí gúnlẹ̀ sí àárín oko tí òun ti ń gbin ewé tí wọ́n fi ń ṣe bíà, àwọn tó máa wá ká a sì ti ń bọ̀ láti London. Ó ní kí wọ́n wá gbé ẹrù wọn. Ọ̀gá ní kó jókòó, ó fi tíì lọ̀ ọ́, ó sì ṣàlàyé fún un pé Marlinge kò tíì pàdánù bàálù kankan, nítorí náà kò lè sí bàálù nínú oko rẹ̀.

"Ọ̀gá," ni Baba Wraight wí, "adìẹ mi mẹ́ta ló ń yé sínú nǹkan tí ò sí níbẹ̀ yìí. Ẹyin tí mo jẹ láàárọ̀ yìí ńkọ́, ṣé òun náà ò sí ni?"

Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ ẹyin kò sí lábẹ́ àṣẹ òun. Nígbà tí bàbá náà lọ tán, ó ní kí mẹkáníìkì kan lọ tú dígí kékeré iwájú bàálù náà wá. Dígí dé, bàálù ti padà wálé nìyẹn. Ìyókù wà lọ́dọ̀ àwọn adìẹ.

Gbogbo èyí, ẹ lè rẹ́rìn-ín sí i. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrinlélógún oṣù kẹjọ, Hal Pennifold kò padà. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó máa ń súfèé orin tí kò bá ohùn mu, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí i. Níṣojú ẹni méjì nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni bàálù rẹ̀ ti wọ inú òkun lọ, kò sì sẹ́ni tó rí i kó jáde. Ní ọjọ́ kejì, ìgbì gbé ẹyọ táyà kan wá sétí òkun ní Dymchurch. Ọ̀gá fọwọ́ tẹ táyà náà, ó ní afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sí apá kìíní.

Winifred bèèrè pé awakọ̀ ńkọ́.

"Bàálù tó wà lójú àtúnṣe kò lè ṣàìní awakọ̀," ni ọ̀gá wí. "Kọ ọ́ pé ó ń dúró dè é."

Ó kọ ọ́. Ó kórìíra ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà ju bó ṣe kórìíra ọ̀gá lọ. Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Totnes, láti ọ̀dọ̀ ìyá Hal. Àkọ́kọ́ ní ọmọ òun kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kọjá láìkọ̀wé, bóyá iṣẹ́ ló pọ̀. Èkejì bá ìbọ̀sẹ̀ olówùú wá. Ẹ̀kẹta ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ka lẹ́tà náà jọ̀wọ́ bá òun sọ fún Hal pé kò sí ìjà láàárín òun àti ẹ̀. Winifred kó gbogbo rẹ̀ lọ bá ọ̀gá, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n sọ òtítọ́ fún obìnrin náà. Denholm Pascoe, olórí àwọn awakọ̀, tó máa ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, bẹ̀bẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi yí padà. Ọ̀gá ní ẹni tó bá ròyìn àdánù tí kò ṣẹlẹ̀ fún ará ìta, ọ̀tá ló ń ràn lọ́wọ́, ilé ẹjọ́ ológun ni yóò sì ti bá ara rẹ̀.

"Ìyá tí kò tíì gbọ́ ìròyìn burúkú," ló wí, "ìròyìn rere ló ń gbọ́ lójoojúmọ́."

Venn kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Pascoe tún ní ẹrù mìíràn lọ́rùn. Nínú ìwé, Marlinge ní bàálù méjìdínlógún. Lórí pápá, méje ló kù. Bí ó bá bèèrè òmíràn lọ́wọ́ London, wọ́n á dá a lóhùn pé ojúkòkòrò rẹ̀ pọ̀, pé àwọn mìíràn kò ní tó ìdajì ohun tó ní. Méje yẹn ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń pín wà, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, ìjókòó kì í sì í tutù kí ẹlòmíràn tó bọ́ sí i.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, lẹ́tà kan dé láti London, ó ní ojú ìwé méjì. Ọ̀gá ní kí Venn kà á sókè níwájú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Venn ka ojú ìwé kìíní: wọ́n ní ìyanu ni Marlinge, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn ti ń parí lọ tí bàálù kan kò ṣègbé níbẹ̀, wọ́n ní Ọ̀gágun Àgbà Lachlan Strathearn fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ wá kí i. Ọ̀gá gbọ́wọ́ sókè, ó ní kí Venn tún un kà. Venn tún un kà. Ọ̀gá tún gbọ́wọ́ sókè. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gba ìwé náà, ó fẹnu kò ó, ó sì ní kí Winifred lọ tọ́jú rẹ̀.

"Sà, ó ku ojú ìwé kejì," ni Winifred wí.

"Ìyìn yìí ti tó mi, Kọ́pùrà. Ènìyàn kì í jẹ àjẹkì."

Winifred nìkan ló ka ojú ìwé kejì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé pápákọ̀ Brenley ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù gbogbo bàálù rẹ̀ tán, nítorí náà kí Marlinge fún wọn ní mẹ́wàá nínú èyí tó wà lójú àtúnṣe kékeré, àwọn mẹkáníìkì Brenley á parí ìyókù. Awakọ̀ mẹ́wàá á bá ọ̀gá àgbà wá láti gbà wọ́n. Kí wọ́n tọ́jú ìwé ìgbẹ́rù mẹ́wàá sílẹ̀, tí àwọn awakọ̀ náà máa buwọ́ lù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Winifred tún gbìyànjú láti sọ fún ọ̀gá. Ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀gá ń yan orin tí àwọn onífèrè máa fọn. Ìgbà kejì, ó ń wọn bàtà. Winifred bá tọ́jú ìwé ìgbẹ́rù mẹ́wàá sílẹ̀, bí àṣẹ ṣe wí.

Ọjọ́bọ̀ dé. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun òkúta ẹnu ọ̀nà, wọ́n gé koríko, àwọn onífèrè dúró. Ọ̀gágun Àgbà Strathearn sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò kékeré kan. Ará Scotland ni, ó tín-ín-rín, kì í sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ kò bá pọn dandan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni lọ́rì kan ti já awakọ̀ mẹ́wàá sílẹ̀, kálukú pẹ̀lú agbòòrùn tí wọ́n fi ń bẹ́ jáde nínú bàálù lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá wa rò pé ẹ̀ṣọ́ ìyẹ́sí tí wọ́n kó wá fún òun ni. Ó kí wọn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó yọ ìwé jáde lápò, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin akọni, ẹ̀yin ẹlẹ́rìí ìtàn! Nígbà tí àwọn ọmọ ọmọ wa bá bèèrè pé ta ló—"

"Thistlewood," ni Strathearn wí, "níbo ni bàálù mẹ́wàá náà wà? Àwọn ọmọ yìí gbọ́dọ̀ dé Brenley kó tó di aago méjì."

Ọ̀gá wo pápá. Méje ló wà níbẹ̀, àwọn awakọ̀ Pascoe jókòó sábẹ́ apá wọn. Ó bojú wẹ̀yìn wá Venn. Venn ti rántí pé ohun kan wà tí òun ní láti ṣe ní ilé ìdáná. Winifred ló bọ́ síwájú, ó kí ọ̀gá àgbà, ó ní Ilé Ìmúláradá ni wọ́n wà. Ó mú wọn dé ibẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó pe nọ́ńbà àkọ́kọ́, ó sì gbé aago lé ọ̀dọ́ awakọ̀ kan lọ́wọ́.

"Bàálù yín rèé, sà. Ẹ bá mi buwọ́ lù ú níbí."

Ọmọkùnrin náà yí aago náà síwá sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni kí n jókòó sí nínú ẹ̀?"

"Ìjókòó wà lára bàálù ẹnìkejì yín, sà."

Ẹnìkejì gba ìjókòó. Ẹnìkẹta gba ìdajì abẹ̀bẹ̀. Ẹnìkẹrin gba dígí, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, Winifred sì ṣàlàyé fún un pé ìyókù wà lóko Baba Wraight, kó rọra bá àwọn adìẹ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín ti ń gbọn àwọn kan lẹ́yìn. Strathearn kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan ẹnìkarùn-ún, Winifred gbé táyà náà, ṣùgbọ́n kò nà án síta.

"Èyí ní awakọ̀ tiẹ̀, sà," ló wí. "Hal Pennifold. Ìwé wa ní ó ń dúró dè é."

"Níbo ló ti ń dúró?"

"Nísàlẹ̀ òkun, sà. Ó pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún lónìí. Ìyá ẹ̀ ti kọ lẹ́tà mẹ́rin sí wa, a ò sì dá a lóhùn."

Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín. Strathearn gba ìwé bàálù, ó fi ìka rẹ̀ tọ àyè Àkíyèsí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ka gbogbo rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọ̀gá wa ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àwọn ọmọ ogun, nípa ọ̀nà tuntun tí òun fi ń ṣírò, nípa bí àwọn ará Jámánì á ṣe bẹ̀rù bí wọ́n bá gbọ́ pé a kò pàdánù nǹkan kan. Irunmú rẹ̀ ti rọ sílẹ̀ nítorí òógùn.

"Ẹ sinmi," ni Strathearn wí, ọ̀gá wa sì sinmi lóòótọ́.

Ìdájọ́ náà kò gùn. Kí Winifred kọ bàálù mọ́kànlá sí apá kẹta kíákíá. Kí Pascoe máa retí bàálù tuntun kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Brenley pẹ̀lú. Thistlewood-Crane kì í ṣe olórí Marlinge mọ́. Ilé ìkó-bùláńkẹ́ẹ̀tì kan ní erékùṣù Orkney ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ, ọkọ̀ ojú irin á sì gbéra ní aago márùn-ún. Pascoe bèèrè bóyá òun lè kọ̀wé sí Totnes báyìí. Strathearn ní kó kọ tirẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹni tó ní kí ìyá náà má gbọ́, òun ni kó kọ́kọ́ sọ fún un. Kọ́pùrà, tó bá kọ ọ́ dáadáa ni kí o tó jẹ́ kó wọkọ̀."

Báyìí ni ọkùnrin tó ń fi ọ̀rọ̀ mú ẹyin tutù ṣe jókòó ti tábìlì Winifred pẹ̀lú ewé ìwé kan. Ó kọ kún iwájú, ó kọ kún ẹ̀yìn. "Ní àkókò ńlá yìí tí ìtàn ń wo gbogbo wa," ló fi bẹ̀rẹ̀. Winifred kà á dópin, ó dá a padà.

"Kò tíì sọ ọ́, sà."

Ó tún òmíràn kọ, tó fi òkun wé ibùsùn àwọn akọni. Winifred dá a padà. Ìkẹta sọ nípa ọba, ìkẹrin sọ nípa òun fúnra rẹ̀. Aago mẹ́ta kọjá, aago mẹ́rin lù. Àwọn bàálù tuntun ti ń balẹ̀ níta, ariwo wọn ń mi fèrèsé. Ó gbé kálàmù sílẹ̀, ó fọwọ́ nu ojú, ó sì bèèrè ohun tí kò mọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Winifred ti mọ̀ ọ́n.

"Báwo ni wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́?"

"Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni, sà."

Ojú rẹ̀ ti pọ́n nígbà tó mú ewé ìwé mìíràn, kò sì kọ ju ìlà mélòó kan lọ. Ó tì í sí Winifred láìgbójú sókè, ó gbé fìlà rẹ̀, ó sì jáde lọ síbi tí mọ́tò ti ń dúró.

"Ìyáàfin Pennifold," ni ìwé náà wí, "Hal ọmọ yín kú sínú òkun lọ́jọ́ kẹrinlélógún oṣù kẹjọ. Ojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ fún yín. A. Thistlewood-Crane."

Winifred kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó ká a mọ́ ti Pascoe nínú àpò ìwé kan náà, ó fi omi ẹnu lẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó sì sáré lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ kí wọ́n tó tilẹ̀kùn.